Ọmọ mi mọ ṣéńjì, ó mọ àlọ́, àmọ́ lẹ́tà kì í dúró fún un: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àlàbá (Òkèlélé, Ìlọrin)

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ata ni mò ń tà l'Ọ́jà Ìpata. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 8 lóṣù tó kọjá, kíláàsì kẹta ló wà. Bí ẹ bá rí ọmọ yìí lórí ìsọ̀, ẹ ò ní gbà pé òun ni wọ́n ń pè ní olódo. Bí oníbàárà bá fún un ní 2000 náírà fún ata 1350, á ti ka 650 síta kí n tó nu ọwọ́ mi tán. Àlọ́ tí ìyá mi bá pa lálẹ́, á tún un pa lọ́jọ́ kejì láìfo ibì kan, tòun ti orin rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé síwájú ẹ̀. "Bàtà" á di "tàbà". "Dúdú" á di "búbú". Ọ̀rọ̀ tó kà dáadáa lókè ojú ewé, tó bá tún pàdé ẹ̀ nísàlẹ̀, bí àlejò ló ṣe máa wò ó. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n da iṣẹ́ kọ láti ara pátákó, ìlà méjì ló máa mú wálé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti kọ ojú ewé kan. Tíṣà ẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n lọ wádìí, pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Mo ti mú un lọ yẹ ojú wò, ojú ẹ̀ dá ṣáká. Etí náà kò ní àléébù. Dókítà ọmọdé ló sọ pé ó jọ dyslexia, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà, pé ká wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú, etí, ẹnu àti ọwọ́ kọ́ ọmọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iye tí wọ́n pè fún irú lẹ́sìn bẹ́ẹ̀ ju èrè ata mi lọ. Kí ni mo lè dá ṣe nílé? JSS 3 ni mo ka ìwé dé, mo sì lè ka Yorùbá dáadáa.

Tíṣà Àjàṣẹ́ (Àjàṣẹ́-Ìpo)

Ìyá Àlàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ná: mo ti na irú ọmọ yín rí. Mo na ju ẹyọ kan lọ. Ọdún bíi mélòó kan sí ìfẹ̀yìntì mi ni mo tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, ojú sì ń tì mí nígbàkigbà tí mo bá pàdé ọ̀kan nínú wọn ní gáréèjì, tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe àrùn òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú. Dókítà ojú ará Jámánì kan, Rudolf Berlin, ló fún un ní orúkọ yẹn ní 1887. Ní 1896, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Pringle Morgan kọ nípa ọmọ ọdún 14 kan tí orí rẹ̀ pé, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ka nǹkan kan. Tíṣà ọmọ náà sọ pé ká ní ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni, òun ni ì bá ta gbogbo ilé ìwé yọ. Ẹ rí i pé ọmọ yín àti ọmọ yẹn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ojú wọn ń rí lẹ́tà, etí wọn ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Yíya àwọn ìró inú ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ká wá so ìró kọ̀ọ̀kan mọ́ lẹ́tà tirẹ̀, ibẹ̀ ni ọpọlọ wọn ti ń kọsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ọwọ́ àti ẹnu, kí lẹ́tà lè ní ju ọ̀nà kan lọ tó máa gbà wọlé. Dókítà ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, Samuel Orton, ló tẹnu mọ́ ọn láti 1925. Tíṣà kan tó ń jẹ́ Anna Gillingham, pẹ̀lú Bessie Stillman, ló wá sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ tó ní àtẹ̀lé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ná, Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà 25 péré ni tiwa, ohun tí lẹ́tà bá jẹ́ lónìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ lọ́la. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ láti A lọ sí Y bí orin. Ata lẹ̀ ń tà, àbí? "Ata" ni kó jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́tà méjì péré ló wà nínú ẹ̀.

Ẹ wá iyanrìn tó gbẹ, ẹ kù ú, kẹ́ ẹ dà á sínú tíréè tó fẹjú. (Mo rí ẹni tó lo gàrí lórí fídíò. Gàrí tó wọ́n báyìí!) Ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín kọ "a" tó tóbi, kí ẹnu yín máa pe ìró ẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń lọ. Kí ọmọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣì í nìyí: ọmọ á kọ ọ́ tán kó tó pè é, tàbí kó pè é tán kó tó kọ ọ́. Ọwọ́ àti ẹnu gbọ́dọ̀ jọ rìn, kí ojú sì máa wo ọwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó pajú dé, ó tún un kọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin ẹ fi ìka kọ ọ́ sí i lẹ́yìn, kó sọ èyí tẹ́ ẹ kọ. Àwọn ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín gan-an níbẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó tóbi bí ẹnu ọ̀nà, kí apá láti èjìká máa fà á. Pẹ́ńsù ló máa kẹ́yìn gbogbo ẹ̀.

Bí ẹ bá dé orí "t", ẹ má pè é ní "tí", ìró ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ pè, kúkurú. Torí bí ọmọ bá ń pe "tí" àti "a", "tía" ló máa kà, kò ní ka "ta".

Lójoojúmọ́, ẹ ṣe é lọ, ẹ ṣe é bọ̀: ẹ fi lẹ́tà hàn án, kó pè é, ẹ pe ìró, kó kọ ọ́. Lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan ti tó. Bí èyí tẹ́ ẹ kọ́ lánàá kò bá tíì dúró, ẹ má fi tòní lé e. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ọmọ yín ni pé kẹ́ ẹ má kọ́ ọ ní "b" àti "d" papọ̀. Ẹ kọ́ "b" títí tó fi máa mọ̀ ọ́n lójú oorun, bó jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ẹ gbé dígí fún un, kó rí i pé ètè méjèèjì ló ń pàdé fún "b". Ìgbà tí "d" bá wá dé, á rí i pé ètè ò pàdé, ahọ́n ló ń kan ẹ̀yìn eyín. Bí ojú bá tàn án jẹ, ẹnu ẹ̀ á sọ òótọ́ fún un.

Bàbá Ìbejì (Ọ̀fà)

Nígbà tiwa, pàṣán ni oògùn gbogbo èyí. Ẹ má fi orúkọ òyìnbó ba ọmọ jẹ́.

Ìyá Àlàbá

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun sà. Pàṣán ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti kíláàsì kìíní, kò tíì kọ́ ọ ní lẹ́tà kan.

Ọmọ Kéú (Pàkátà, Ìlọrin)

Salamu alaykum. Ohun tí Tíṣà Àjàṣẹ́ sọ yìí rán mi létí wàláà, pátákó ìkọ̀wé ilé kéú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé kéú láyé àtijọ́, ẹ rántí: àáfáà á kọ ọ́ fún ọ, ìwọ náà á ki kálámù bọ inú tàdáwà, á fi tọ ipa ọwọ́ ẹ̀, á máa pè é sókè bí o ṣe ń kọ ọ́, ara ẹ á máa mì lọ síwá sẹ́yìn. Tó bá ti wọlé, wọ́n á fọ̀ ọ́ (omi hàntú nìyẹn, a kì í dà á nù síbikíbi), ìwọ á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ojú, etí, ẹnu, ọwọ́, kò sí èyí tó jókòó lásán.

Àmọ́ mo fẹ́ kìlọ̀ nǹkan kan, torí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú báyìí. Irú ọmọ tí Ìyá Àlàbá sọ yìí, orí wọn máa ń gba nǹkan gan-an. Ó lè ka súrà odindi fún ẹ, kí ìka ẹ̀ máa lọ lórí ìlà, kẹ́ ẹ máa ṣe "má ṣá Allahu". Ẹ gbé ìka sí àárín ìlà, kẹ́ ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ ò ní gbúròó ẹ̀ mọ́. Ó há a sórí ni, kò kà á. Mo ní ọmọ méjì bẹ́ẹ̀, ọdún méjì ni mo fi rò pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Bó ṣe rí nílé ìwé náà nìyẹn: ẹ má jẹ́ kó ka ojú ewé tó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn yòókù fún yín. Ọ̀rọ̀ tuntun ni kẹ́ ẹ fi dán an wò.

Lẹ́tà Lárúbáwá náà ní "b" àti "d" tirẹ̀. Bá, tá àti thá, ara kan náà ni wọ́n, tóótòò ló yà wọ́n: ọ̀kan nísàlẹ̀, méjì lókè, mẹ́ta lókè. Mi ò kọ́ wọn papọ̀ mọ́.

Aúntì Ìgbàjà

Èmi kúkurú ni tèmi. Ìyá Àlàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ókèlélé, ilé àwọn ìyá oníkòkò Dada kò jìnnà sí yín. Ẹ tọrọ amọ̀ díẹ̀. Kí ọmọ yí i bí okùn, kó fi mọ lẹ́tà, kó pa á mọ́ títí á fi gbẹ. Lẹ́tà tí èèyàn bá fọwọ́ ara ẹ̀ mọ kì í tètè gbàgbé. Sáńpépà náà dára: ẹ gé lẹ́tà jáde nínú ẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Dókítà obìnrin ará Ítálì, Maria Montessori, ti lo irú ẹ̀ fún àwọn ọmọ aláìní ní Róòmù ní nǹkan bí 1907. Fún ẹ, ọ àti ṣ, ẹ fi èso ẹ̀wà kan sí abẹ́ e, o àti s. Ọmọ mi máa ń fo tóótòò abẹ́ lẹ́tà títí dìgbà tó di ẹ̀wà tó ń fọwọ́ bà.

Ìṣẹ́jú 15 sí 20 lójúmọ́, kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tọjà dé tí gbogbo yín ti rẹ̀. Àárọ̀ ni.

Lánre (Táńkè)

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó nílò àbójútó pàtàkì ni mò ń kà ní yunifásítì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú bí mo bá da omi tútù sí i díẹ̀. Iyanrìn kì í ṣe oògùn. Ní 2021, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí ọ̀nà Orton àti Gillingham jọ. Àwọn ọmọ náà tẹ̀ síwájú díẹ̀ ju àwọn tí wọ́n kọ́ lọ́nà mìíràn, àmọ́ ìyàtọ̀ náà kò tó èyí tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ohun tí ẹ̀rí ẹ̀ lágbára ni kíkọ́ ìró àti lẹ́tà ní tààrà, ní àtẹ̀léra, láti orí èyí tó rọrùn lọ sórí èyí tó le, kéèyàn sì máa padà sẹ́yìn. Bí ọmọ bá ń ṣeré nínú iyanrìn láìsí àtẹ̀lé, iyanrìn náà ló máa mọ̀. Ohun tí Tíṣà là sílẹ̀ ní àtẹ̀lé, ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ ta awò aláwọ̀ fún yín pé òun fi ń wo dyslexia, ẹ fi owó yín ra ata sí i.

Ohun tó kù tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà ni eré etí, tí kò nílò lẹ́tà rárá. Ṣé ẹ rántí ẹnà? A máa ń fi í sọ̀rọ̀ àṣírí kí àwọn àgbà má gbọ́: "bàtà" á di "bàgà-tàgà", "mo fẹ́ lọ" á di "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ". Ọmọ tó bá lè fi ẹnà sọ̀rọ̀ ti ń gé ọ̀rọ̀ sí sílébù láìmọ̀. Ẹ bá a ṣe é lọ́nà ọjà. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ìdérí mínírà jọ. Ẹ pe "ata", kó ti ìdérí kan síwájú fún ìró kọ̀ọ̀kan: a, t, a. Mẹ́ta. "Ilé" ńkọ́? Mẹ́ta. "Gbà" ńkọ́? Méjì ni o, torí gb ìró kan ni, bó tilẹ̀ jẹ́ àmì méjì la fi ń kọ ọ́. Onímọ̀ ará Rọ́ṣíà kan, Elkonin, ló mú irú eré yìí wá. Nígbà tí ọmọ bá ti ń ti ìdérí láìṣì, ẹ kọ lẹ́tà sórí ìdérí.

Ìyàwó Onílù (Òmù-Àrán)

Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa ohùn o! Yorùbá wo ló ń jẹ́ Yorùbá láìsí ohùn? Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: lẹ́tà kan náà, ọkùnrin ilé, irinṣẹ́ oko, ohun ìrìnnà àti ohun ìjà. Ìdílé ọkọ mi ń lu gángan, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé nílé wa nìyí: dò, ọwọ́ kan orúnkún; re, ọwọ́ kan ìbàdí; mí, ọwọ́ kan orí. Ọmọ á kọ́kọ́ fi ara ṣe ọ̀rọ̀ náà, á wá kùn ún láìla ẹnu, á wá fi àmì lé e lórí. Láti ọjọ́ kìíní ni kẹ́ ẹ ti fi ohùn sí i.

Tíṣà Àjàṣẹ́

Ìyàwó Onílù, mo gbà pé kí ara máa ṣe ohùn láti ọjọ́ kìíní. Àmì lórí ìwé, ẹ jẹ́ kó dúró. Ọmọ tí "b" àti "d" ṣì ń yọ lẹ́nu, tẹ́ ẹ tún gbé ìlà tó dà sọ́tùn-ún àti ìlà tó dà sósì fún un, wàhálà kan náà lẹ fi kún un. Lẹ́yìn tí lẹ́tà bá ti dúró ni kẹ́ ẹ mú àmì wá.

Ìyàwó Onílù

Ọ̀dọ̀ wa, kò dúró de lẹ́tà, kò sì pa ọmọ kankan lára. Ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀, Màámi.

Bàbá Ìbejì

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí, bó ṣe bá mi tẹ ti àkọ́kọ́. Èmi fúnra mi, orúkọ mi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kọ. Ohùn ni mo fi ń ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n nà mí títí mo fi sá kúrò nílé ìwé, mo lọ kọ́ṣẹ́ kíkun mọ́tò. Kò sí ẹni tó mọ̀ láàárín àwọn oníbàárà mi. Táyé, ọ̀kan nínú ìbejì mi, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Kẹ́hìndé ń kàwé bí omi, Táyé kò lè kà. Ṣé ó lè jẹ́ pé ara mi ló ti wá?

Lánre

Ó ṣeé ṣe gan-an, Bàbá. Dyslexia máa ń rìn nínú ẹbí. Ìbejì tí kò jọra wọn délẹ̀ sì lè yàtọ̀ síra bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, kì í ṣe ẹ̀bi Táyé.

Ìyá Àlàbá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó di oṣù méjì àti ààbọ̀ tí mo ti béèrè. Lẹ́tà 11 ti dúró. A ò tíì dé orí "d", mo gbọ́ràn sí Tíṣà lẹ́nu. Ẹnà ti wọ̀ ọ́ lára débi pé òun àti àbúrò ẹ̀ ti ń fi í sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo lọ kírun, mo fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé, mo bá "ata baba sabi 700" nínú ìwé gbèsè mi. Kò sí àmì lórí ẹ̀, ẹsẹ̀ "b" kan gùn ju àwọn yòókù lọ. Mo mọ ẹni tó jẹ mí lówó.

Kò tíì yá o. Ìlà kan lè gbà á ní ìṣẹ́jú kan. Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé sì ń dẹ́rù bà mí, torí òun ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò.

Tíṣà Àjàṣẹ́

Ìyá mi, mo jókòó ti ìwé gbèsè yẹn lọ́kàn mi látàárọ̀.

Lórí pé kò yá: ní àwọn èdè tí lẹ́tà wọn ti ṣe déédéé bíi tiwa, ibi tí dyslexia máa ń pẹ́ sí jù nìyẹn. Ọmọ á máa kà á bó ṣe yẹ, àmọ́ á lọ́ra. Ẹ mú ìpínrọ̀ kúkúrú kan, ẹ jọ kà á sókè lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin àti òun, kó wá dá a kà lẹ́ẹ̀mejì. Ojoojúmọ́. Ẹ má gbé aago tì í.

Gẹ̀ẹ́sì le ju tiwa lọ lóòótọ́: lẹ́tà 26 ń ru ìró bíi 44. Ẹ wo "though", "through" àti "cough", ìparí kan náà, ìró mẹ́ta. Ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà, díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé òfin kó tó kan èyí tó ya òfin. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé "p" Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe "p" tiwa. Ti "pátá", ẹ̀yìn ahọ́n ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ètè. Ti "pen", ètè nìkan ni. Ẹ lo dígí yẹn. Kẹ́ ẹ sì lọ bá tíṣà ẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà lọ́wọ́, pẹ̀lú sùúrù: kí wọ́n ka ìbéèrè ìdánwò sókè fún un, kí wọ́n fún un ní àsìkò díẹ̀ sí i, kí wọ́n má sì ní kó dìde kàwé lójú kíláàsì láìsọ fún un tẹ́lẹ̀. Tíṣà kan lè kọ̀. Ẹ tún padà lọ.

Bàbá Ìbejì

Ẹni tó bá fẹ́ sáńpépà, ẹ má rà á o. Ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó, àjẹkù ẹ̀ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Nọ́ńbà 80 ti le jù fún ìka ọmọdé, 150 ló dára. Mo ti gé "a" àti "t" fún Táyé, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí. Alẹ́ la fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èmi àti ẹ̀. Ibo lára "a" ni ìka ti ń bẹ̀rẹ̀?

Tíṣà Àjàṣẹ́

Òkè, lápá ọ̀tún. Ẹ yí i gba òsì lọ sísàlẹ̀, ẹ gbé e padà sókè, kẹ́ ẹ wá fà á wálẹ̀ tààrà. Kí ẹnu máa pè é bí ọwọ́ ṣe ń lọ.